Ẹ yẹ ẹ̀jẹ̀ wò kẹ́ ẹ tó ní iṣẹ́ ayé ni
Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin oníròyìn. Ẹ sọ̀rọ̀ inú rírun àti àìtó ẹ̀jẹ̀ tí òjé (lead) inú bátìrì ń fà fún àwọn tó ń yọ́ bátìrì mọ́tò àlòkù, ṣùgbọ́n ẹ ò mẹ́nu ba ọpọlọ, ibẹ̀ gan-an ló sì ń dùn mí jù. Ọ̀nà tí káṣíọ̀mù, èròjà tó ń mú eegun le, ń gbà wọ ara ni òjé náà ń gbà. Á dé ọpọlọ, á dé eegun, ó sì lè wà nínú eegun fún ọ̀pọ̀ ọdún lẹ́yìn téèyàn ti fiṣẹ́ sílẹ̀.

Ẹ̀gbọ́n bàbá mi ṣe iṣẹ́ bátìrì títí. Èèyàn jẹ́jẹ́ ni wọ́n tẹ́lẹ̀. Nígbà tó yá, ohun tí ò tó nǹkan á bí wọn nínú, wọn ò ní rántí ẹni tó gbé bátìrì wá láàárọ̀, oorun ò sì kùn wọ́n mọ́. Ilé wòlíì la gbé wọn lọ. Mi ò lè fọwọ́ sọ̀yà pé òjé ni, torí kò sẹ́ni tó yẹ ẹ̀jẹ̀ wọn wò rí.

Tọmọdé tún burú jù: òjé tó bá gba ẹnu wọlé máa ń wọ ara wọn ní ìlọ́po 4 sí 5 ti àgbà. Ní Zamfara lọ́dún 2010, ó lé ní 400 ọmọ tí òjé ibi ìwakùsà góòlù pa. Aṣọ iṣẹ́ tí bàbá wọ̀ wálé tó fi gbé ọmọ mọ́ra, eruku òjé wà lára ẹ̀. Kí ìjọba fi dandan lé e pé kí ilé iṣẹ́ pèsè balùwẹ̀ àti aṣọ ìpààrọ̀, kí wọ́n sì máa yẹ ẹ̀jẹ̀ òṣìṣẹ́ wò lóòrèkóòrè, lọ́fẹ̀ẹ́.