Òyìnbó inú fọ́tò yẹn kọ́ ló dá ìjọ wa sílẹ̀

Bí àyájọ́ ìdásílẹ̀ ìjọ wa bá ti pé, mo ti mọ ohun tí n ó gbọ́ kí n tó kúrò nílé. Ẹni tí wọ́n bá gbé gbohùngbohùn fún á ní ká dìde, ká dúpẹ́ lórí àwọn òyìnbó tó filé fọ̀nà sílẹ̀, tí wọ́n la òkun kọjá wá dá ṣọ́ọ̀ṣì sílẹ̀ fún àwọn baba ńlá wa nílẹ̀ Ìjẹ̀bú. Ìjọ á ṣe àmín, dùùrù á dún, àwọn Ìyá Ìjọ á jó lọ síwájú pẹ̀lú owó ọpẹ́. Ìwé ètò ìsìn tó wà lọ́wọ́ wa náà ò jẹ́ kí ọ̀rọ̀ ọ̀hún bọ́ sílẹ̀: àwòrán òyìnbó onírùngbọ̀n kan ló wà lójú ewé kìíní, kò sì sí orúkọ kankan lábẹ́ rẹ̀.

Lọ́dún tó kọjá, àbúrò mi obìnrin tó wà ní Amẹ́ríkà fi ohùn ránṣẹ́ sí mi lórí WhatsApp. Ìjọ Episcopal ló ń lọ lọ́hùn-ún. (Ẹ má jẹ́ kí orúkọ yẹn dẹ́rù bà yín. Ìjọ tí bíṣọ́ọ̀bù ń darí ni ìtumọ̀ rẹ̀. Orírun kan náà lòun àti Áńgílíkà tiwa ti wá. Nígbà tí Amẹ́ríkà gbòmìnira, wọn ò lè máa pe ara wọn ní ìjọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì mọ́.) Wọ́n ti ní kó wá sọ ìtàn ṣọ́ọ̀ṣì ilé rẹ̀ fáwọn. "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ jọ̀ọ́, kí lorúkọ òyìnbó tó dá tiwa sílẹ̀?"

Mo ní kò sí. Ó rò pé mò ń ṣe yẹ̀yẹ́ ni.

Àwọn ajíhìnrere CMS (Church Missionary Society, ẹgbẹ́ ajíhìnrere Áńgílíkà láti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì) fìdí kalẹ̀ sí Abẹ́òkúta ní 1846. Ní 1853, wọ́n ti wà n'Íbàdàn. Ìjẹ̀bú tó jókòó sáàárín Èkó àti Ìbàdàn ńkọ́? Ìjẹ̀bú tìlẹ̀kùn. Àwọn oníbodè wa ló ń pinnu ẹni tí yóò kọjá, ọjà tí yóò kọjá, àti iye tí yóò san. Àwọn ará ìta sì ń sọ pé Ìjẹ̀bú-Òde, àjèjì ò wọ̀ ọ́. Bí àjèjì bá wọ̀ ọ́ láàárọ̀, wọ́n á fi ṣẹbọ lálẹ́. Àsọdùn wà níbẹ̀, àmọ́ ajíhìnrere ò ráyè fìdí kalẹ̀ síbẹ̀ lóòótọ́. Nígbà tó di oṣù karùn-ún ọdún 1892, láyé Awùjalẹ̀ Túnwàṣe, àwọn ọmọ ogun tí Carter, gómìnà òyìnbó tó ń ṣàkóso Èkó, rán gba ọ̀nà Ẹ̀pẹ́ wọlé. Wọ́n ṣẹ́gun wa ní Ìmàgbọn, wọ́n sì wọ Ìjẹ̀bú-Òde. Kò pẹ́ sígbà náà tí ṣọ́ọ̀ṣì fi hù káàkiri.

Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń ní ìbọn ṣílẹ̀kùn, àlùfáà òyìnbó wọlé. Ìbọn ṣílẹ̀kùn lóòótọ́, n ò jiyàn ìyẹn. Ẹni tó gba ẹnu ọ̀nà wọlé ni wọ́n ṣì mọ̀.

Ṣebí láàárín àwọn ọdún wọ̀nyẹn náà ni ẹ̀sìn Ìsìláàmù ràn n'Ìjẹ̀bú-Òde bí iná ọyẹ́. Balógun Kúkù, ọ̀kan nínú àwọn tó lẹ́nu jù nílùú, Mùsùlùmí ló dà. Ojúde Ọba tí gbogbo ayé ń wá wò lẹ́yìn Iléyá, tí àwọn régbérégbé ń dá aṣọ oríṣiríṣi sí, àwọn Mùsùlùmí tó ń lọ kí Awùjalẹ̀ láti dúpẹ́ ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Bó bá jẹ́ ìbọn Carter ló sọ àwa di Áńgílíkà, ìbọn ta ló sọ àwọn yẹn di Mùsùlùmí? Ká tún wo Rẹ́mọ. Ìwé àdéhùn ni Akárìgbò, ọba ibẹ̀, fọwọ́ sí pẹ̀lú ìjọba Èkó ní oṣù kẹjọ ọdún 1894. Ìlú tí ìwé mú wọ abẹ́ ìjọba, ṣọ́ọ̀ṣì hù níbẹ̀ bó ṣe hù níbi tí ìbọn ti dún.

Àwọn tó wọlé wá, àwọn ọmọ wa ni. Àwọn Ìjẹ̀bú tó ti ń ṣòwò l'Ékòó, tí wọ́n ti ṣe ìrìbọmi níbẹ̀, tí wọ́n ti mọ̀wé kà, wà nínú wọn. Àwọn Sàró náà wà níbẹ̀, ìyẹn àwọn tí a kó lẹ́rú tàbí tí a bí fún ẹrú, tí wọ́n dòmìnira ní Sierra Leone kí wọ́n tó padà wálé. Ibi tí àṣìṣe ti wọlé gan-an rèé. Àwọn Sàró ń jẹ́ orúkọ Gẹ̀ẹ́sì. Ẹ mú James Johnson, àlùfáà St. Paul's Breadfruit l'Ékòó, tí ọ̀rọ̀ ilẹ̀ Ìjẹ̀bú jẹ lógún púpọ̀, tí wọ́n sì fi jẹ igbákejì bíṣọ́ọ̀bù ní 1900. Bí o bá ka orúkọ yẹn lára ògiri lónìí, o ó ní òyìnbó ni. Yorùbá ni! Ìjẹ̀ṣà àti Ìjẹ̀bú làwọn òbí rẹ̀. Ó tilẹ̀ wà lára àwọn tó ń bá òyìnbó fà á jù lórí ta ni yóò máa darí ìjọ aláwọ̀ dúdú. Nígbà tí wọ́n mú un kúrò ní Breadfruit ní 1901, àwọn ọmọ ìjọ tó bínú jáde lọ dá African Church sílẹ̀. Ajàyí Crowther náà ńkọ́? Bí a bá yọ Ajàyí kúrò níbẹ̀, kí ló kù?

Wọ́n jẹ́ kí n rí ìwé ìrìbọmi ìjọ wa lẹ́ẹ̀kan. Ó ti pọ́n ràkọ̀ràkọ̀, kòkòrò ti jẹ etí rẹ̀, bí o bá ṣí i kíákíá á ya. Wọ́n fa ìlà sí i: ọjọ́, orúkọ ọmọ, orúkọ òbí, iṣẹ́ baba, ẹni tó ṣe ìrìbọmi. Lábẹ́ iṣẹ́ baba: àgbẹ̀, àgbẹ̀, àgbẹ̀, alágbẹ̀dẹ, àgbẹ̀. Ní ìparí ìlà, orúkọ Gẹ̀ẹ́sì kan náà láti òkè dé ìsàlẹ̀. Ọmọ tó ń bá mi ṣí i ní, "Ẹ ò rí i, sà, òyìnbó." Ìyá àgbà kan tó ń gbá ilẹ̀ fẹ́stìrì gbọ́, ó rẹ́rìn-ín. Ó ní ilé bàbá yẹn kò jìnnà síbí, àwọn ọmọ rẹ̀ ṣì ń pín ilẹ̀ rẹ̀ mọ́ ara wọn lọ́wọ́.

Òyìnbó wá, n ò sọ pé wọn ò wá. Tugwell tó jẹ bíṣọ́ọ̀bù láti 1894, òyìnbó ni, bíṣọ́ọ̀bù ló sì máa ń gbọ́wọ́ lé ni lórí. Àmọ́ bíṣọ́ọ̀bù á dé, á gbọ́wọ́ léni, á sì padà. Ẹni tó kù sílùú, tó ń kọ́ ọmọ ní a-bí-dí lábẹ́ igi, tó ń fi Bíbélì Yorùbá tí wọ́n ti túmọ̀ parí láti 1884 wàásù, ara wa ni. N'Íkẹ́nnẹ́, Ṣópólù, bàbá Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀, wà lára àwọn ọmọ ìlú tó kọ́kọ́ gbàgbọ́. Àgbẹ̀ ni, ó sì ń la pákó. Nígbà tí Áńgílíkà sì dá Ìjẹ̀bú-Òde Grammar School sílẹ̀ ní 1913, Àlùfáà Gansallo ni ọ̀gá àkọ́kọ́. Òun náà kì í ṣe òyìnbó.

Mo lọ bá akọ̀wé ìgbìmọ̀ tó ṣe ìwé ètò ìsìn wa. Mo ní ta lòyìnbó onírùngbọ̀n ojú ewé kìíní yìí? Ó fọwọ́ họ orí. "Ẹ má bínú, sà. Orí Google la ti mú un. A tẹ 'ajíhìnrere òyìnbó', òun ló kọ́kọ́ jáde."

Mo ní kí ló dé tí wọn ò fi ya òkúta ìpìlẹ̀ tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn, tí orúkọ àwọn tó kọ́lé wà lára rẹ̀.

Ó ní wọ́n yà á, ewédò ti bò ó, kò hàn dáadáa.