Òru 90 ní Lọ́ńdọ̀nù: ilé ni wọ́n ń kà á fún

Ẹ̀yin ará wa tó ń fi odindi ilé gba àlejò ìsinmi ní Lọ́ńdọ̀nù, ọ̀rọ̀ kan ń lọ lórí WhatsApp pé òru 90 tí òfin gbà kí ilé fi gba àlejò lọ́dún, ìkànnì kọ̀ọ̀kan ló ní tirẹ̀: tó bá pé lórí Airbnb, kí onílé bọ́ sórí Booking.com, kó tún bẹ̀rẹ̀ láti oókan.

Kò rí bẹ́ẹ̀ o. Abala 44 nínú òfin tí wọ́n ń pè ní Deregulation Act 2015 ló gbé òru 90 yìí kalẹ̀, ilé ló sì ń ka òru fún. Òru 60 níbí, 40 lọ́hùn-ún, 100 ti pé nìyẹn. Ẹni tó bá fẹ́ kọjá 90 láàárín Oṣù Kìíní sí Oṣù Kejìlá gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ gbàṣẹ lọ́wọ́ káńsù. (Èmi náà fẹ́rẹ̀ẹ́ gba ọ̀rọ̀ WhatsApp yẹn gbọ́.)

Ẹ ka abala náà fúnra yín lórí legislation.gov.uk, tàbí kí ẹ bi káńsù yín. Ẹ jọ̀ọ́, gúrúùpù tí ẹ ti rí ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ yẹn, ẹ fi èyí ránṣẹ́ síbẹ̀.