Epo Ọbẹ̀ Kì Í Ṣe Oògùn Irin Tí Ń Ké

Bí ilẹ̀kùn kọ́bọ́ọ̀dù bá bẹ̀rẹ̀ sí í ké, ìgò epo pupa tàbí ti òróró ni ọ̀pọ̀ ènìyàn kọ́kọ́ ń sáré mú ní ilé ìdáná. Ìgbàgbọ́ náà ní gbòǹgbò, nítorí pé ẹ̀rọ̀ ni a mọ epo sí láti ìgbà ìwáṣẹ̀, ariwo náà sì máa ń dákẹ́ lóòótọ́ lọ́jọ́ tí a bá kán an sí i. Àṣìṣe ibẹ̀ ni pé a kì í padà wá wo hínjì náà lẹ́yìn oṣù mẹ́ta.

Èmi padà wò ó. Kọ́bọ́ọ̀dù tí mo fi pákó kàn fúnra mi ni, òróró ni mo sì kán sí hínjì rẹ̀ méjèèjì. Nígbà tí mo yọ ọ̀pá tín-ín-rín tí ó wà láàárín ọ̀kan nínú wọn, ńṣe ni ó lẹ̀ mọ́ mi lọ́wọ́ bí oje igi: òróró náà ti ki, eruku àti lẹ́búlẹ́bú pákó ti há sínú rẹ̀, ó sì ń ha irin bí i sáńpépà. Ariwo rẹ̀ ti wá ju ti àtẹ̀yìnwá lọ.

Ẹni tí ó ń dín àkàrà mọ ohun tí mò ń sọ. Ẹ fi ọwọ́ kan ògiri ẹ̀gbẹ́ ibi tí ẹ ti ń dín nǹkan; ohun tí ó ń lẹ̀ mọ́ ènìyàn lọ́wọ́ níbẹ̀, tí omi lásán kò lè ṣí, òróró náà ni. Epo tí a fún láti ara èso tàbí kóró a máa gba ọ́síjìn inú afẹ́fẹ́ sára, pàápàá bí ó bá tẹ́ pẹlẹbẹ sí ojú irin, yóò sì máa so kọ́ra títí tí yóò fi di gọ́ọ̀mù. Ìdí gan-an nìyí tí àwọn tí ń po ọ̀dà fi ń lo òróró linseed, èyí tí a fún láti ara kóró ewéko kan: ó máa ń gbẹ. Òróró ẹ̀pà kò yá níbi gbígbẹ tó o, ṣùgbọ́n ọ̀nà kan náà ni ó ń tọ̀. Ní ti epo pupa, bí ó ti ń dì nínú ìgò nígbà ọyẹ́ náà ni ó ń dì nínú hínjì.

Àwọn mìíràn á ní WD-40, oògùn irin olómi inú agolo, ni àwọn ń fín sí tiwọn. Ní ọdún 1953 ni ilé-iṣẹ́ Rocket Chemical Company ti San Diego ní Amẹ́ríkà ṣe é, láti lé omi kúrò lára irin kí ó má baà dógùn-ún. Lílé omi (Water Displacement lédè Gẹ̀ẹ́sì) ni lẹ́tà méjì iwájú orúkọ náà dúró fún, ìgbìyànjú ogójì sì ni 40 náà. Ó dára láti fi fọ gọ́ọ̀mù kúrò, ṣùgbọ́n púpọ̀ nínú rẹ̀ ni afẹ́fẹ́ ń gbà lọ, èyí tí ó ṣẹ́kù kò sì pọ̀ tó fún ilẹ̀kùn tí à ń ṣí lójoojúmọ́.

Ohun tí ó tọ́ ni kí a yọ ọ̀pá hínjì, kí a fi àkísà àti kẹrosíìnì nù ún títí yóò fi dán, kí ó gbẹ, kí a tó fi gírísì tí kò ju hóró ìrẹsì kan lọ pa á lára. Vaseline náà ṣe é lò, nítorí pé láti inú epo rọ̀bì ni ó ti wá, kì í sì í gbẹ di gọ́ọ̀mù. Dúrọ́ọ̀ tí ó ń rìn lórí pákó kò fẹ́ òróró rárá, torí pákó a máa fà á mu. Àbẹ́là ni kí ẹ fi pa ibi tí pákó ti ń ra pákó.

Ti ibùsùn onígi ni ó ń dùn mí jù. Wọn á da epo sí gbogbo oríkèé rẹ̀, aṣọ á bàjẹ́, ariwo kò sì ní dáwọ́ dúró, nítorí pé kì í ṣe ọ̀rá ni ó ń fẹ́. Pákó a máa súnkì nígbà ọyẹ́, nọ́ọ̀tì tí a dè pinpin nígbà òjò á wá dẹ̀, irin á sì máa lọ pákó ní gbogbo ìgbà tí ènìyàn bá yí ara padà. Sípánà ni oògùn rẹ̀, pẹ̀lú wásà fífẹ̀ lábẹ́ nọ́ọ̀tì kí ó má baà rì sínú pákó. Bí ẹ kò bá mọ oríkèé tí ń dún, kí ẹnì kan jókòó sórí ibùsùn náà kí ó máa mì í, kí ẹnì kejì sì máa fi àtẹ́lẹwọ́ kan àwọn oríkèé náà lọ́kọ̀ọ̀kan. Ibi tí ọwọ́ bá ti gbọ́ ìgbọ̀nrìrì ni kí ẹ kọ́kọ́ dè.