Owó ibodè kọ́ ni yóò bá àgbẹ̀ Fílípínì sá ìrẹsì

Ẹni tó bá wakọ̀ gba Nueva Ecija kọjá lórílẹ̀-èdè Fílípínì nígbà ìkórè yóò rí i pé apá kan títì ti di ibi tí wọ́n ń sá ìrẹsì sí. Àgbẹ̀ á da ìrẹsì tutù tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti oko dé sílẹ̀ lórí kọnkéré, á fi igi àti òkúta dí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kí ọkọ̀ má baà gùn ún, ìyàwó tàbí ọmọ rẹ̀ á sì máa fi ẹsẹ̀ la ìlà gba àárín rẹ̀ kọjá kí èyí tó wà nísàlẹ̀ lè bọ́ sókè. Ọ̀kadà ń kọjá, adìyẹ ń ṣa tirẹ̀ jẹ, ojú gbogbo wọn sì wà lójú ọ̀run. Bí òjò bá ṣú, eré ni. Ìrẹsì tí òjò bá pa lẹ́ẹ̀mejì lórí títì yóò pàwọ̀ dà, alájàpá tó wá rà á yóò bù ú sí àtẹ́lẹwọ́, yóò mirí, yóò sì dá iye tó wù ú lé e. Àgbẹ̀ yóò gbà bẹ́ẹ̀, nítorí pé gbèsè ajílẹ̀ àti ti irúgbìn ti ń dúró dè é nílé.

Orí títì yìí ni a fẹ́ kí àwọn tó ń ṣèjọba ní Manila máa fi ọkàn sí nígbàkígbà tí wọ́n bá ń jiyàn lórí iye tí wọ́n ń ta ìrẹsì. Láti ọdún pípẹ́ ni iyàn náà ti ń yí po lójú kan: ṣé kí a ṣí ibodè ni, àbí kí a tì í? Ọ̀rọ̀ ibodè kì í ṣe ọ̀rọ̀ yẹpẹrẹ, ṣùgbọ́n kò yẹ kó gba iwájú. Ohun tó yẹ kó gba iwájú ni ohun tó ń ṣẹlẹ̀ sí ìrẹsì láàárín ọjọ́ tí wọ́n gé e lóko sí ọjọ́ tó wọ inú àpò.

Kí ẹni tí kò mọ ibẹ̀ tó lè lóye bí ọ̀rọ̀ náà ti wúwo tó, ó yẹ kó mọ ohun tí ìrẹsì jẹ́ fún wọn. Gẹ́gẹ́ bí àwa ti ní ẹ̀gẹ́, gàrí àti ẹ̀bà, tí ẹnikẹ́ni kì í ṣi ọ̀kan pè fún èkejì, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń pe ìrẹsì tó ṣì wà nínú èèpo ní palay, èyí tí wọ́n ti bó ní bigas, èyí tó ti jinná ní kanin. Ohun yòówù tí wọ́n bá fi jẹ kanin, ìbáà ṣe ẹja, ẹ̀fọ́ tàbí ẹran, ulam ni gbogbo rẹ̀. Èyí tó ṣẹ́kù lálẹ́ ni wọ́n máa ń fi aáyù dín láàárọ̀, lugaw tí wọ́n fi ìrẹsì sè ni aláìsàn máa ń mu, ọ̀pọ̀ ìyá ni kì í sì fi ife wọn omi tí wọ́n ń bù sínú ìkòkò: wọ́n á ki ìka bọ̀ ọ́, nígbà tí omi bá dé oríkèé àkọ́kọ́, ó tó. Bí ènìyàn bá pàdé ojúlùmọ̀ rẹ̀, ìbéèrè tí ó kọ́kọ́ máa ń bọ́ lẹ́nu rẹ̀ ni pé, ṣé o ti jẹun?

Nítorí náà, ó ṣe wá ní kàyéfì nígbà tí aṣòfin àgbà Cynthia Villar sọ ní ọdún 2017 pé ó wu òun kí àwọn ilé oúnjẹ jáwọ́ nínú fífún àwọn oníbàárà ní ìrẹsì àjẹtẹ́rùn, èyí tí wọ́n ń pè ní unli rice, nítorí àrùn ìtọ̀ ṣúgà. Ariwo ta káàkiri ìlú, kò sì pẹ́ tó fi ṣàlàyé pé òun kò ní í gbé òfin kankan jáde lórí rẹ̀. Kò purọ́ nípa àrùn náà. Àmọ́ ulam ló wọ́n, ìrẹsì ló rọjú díẹ̀, ẹni tí owó rẹ̀ kò tó ra ẹja méjì yóò fi ìrẹsì púpọ̀ jẹ ẹja kan. Ebi kì í wọnú kí ọ̀rọ̀ mìíràn wọ̀ ọ́. Ẹni tó bá fẹ́ kí tálákà dín ìrẹsì kù, kó kọ́kọ́ bá a wá bí owó ẹja, ẹ̀wà àti ẹ̀fọ́ yóò ṣe wálẹ̀. Ní erékùṣù Cebu àti àyíká rẹ̀, àgbàdo lílọ̀ ni ọ̀pọ̀ àwọn baba ńlá wọn ń sè bí ẹni ń se ìrẹsì, ànàmọ́ àti ọ̀gẹ̀dẹ̀ saba kò sì ṣàjèjì sí wọn. Oúnjẹ wọ̀nyí kò parẹ́. Ojú tálákà ni wọ́n kàn fi ń wo ẹni tó ń jẹ wọ́n. Bí ìjọba bá fẹ́ kí ènìyàn padà sídìí wọn, kó rà wọ́n fún àwọn ọmọ tó ń jẹun nílé ìwé, kó sì yé wàásù.

Àwọn kan máa ń sọ pé ọ̀lẹ ni àgbẹ̀ Fílípínì, pé kí ló dé tí Vietnam ń tà tí àwọn ń rà. A kò gba èyí rárá. Láti nǹkan bí 1870 ni Fílípínì ti ń ra ìrẹsì láti òkè òkun, nígbà tí àwọn ará Sípéènì ṣì ń ṣàkóso wọn. Erékùṣù tó ju 7,600 lọ ni orílẹ̀-èdè náà, kò ní odò ńlá bíi Mekong ti Vietnam tí í da ilẹ̀ ọlọ́ràá sílẹ̀ lọ salalu, nǹkan bí ogún ìjì ńlá ló sì ń ya wọ agbègbè rẹ̀ lọ́dún kọ̀ọ̀kan. Ní nǹkan bí oṣù kan péré láàárín oṣù Kẹwàá àti Kọkànlá ọdún 2024, ìjì mẹ́fà ló tẹ̀ lé ara wọn. Kò sí àgbẹ̀ tó lè bá èyí jìjàkadì kó má fara gbọgbẹ́. Ìwádìí tí àwọn onímọ̀ ṣe ní nǹkan bí ọdún mẹ́wàá sẹ́yìn sì fi hàn pé owó tí àgbẹ̀ Fílípínì ń ná kó tó rí kílò palay kan fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìlọ́po méjì ohun tí akẹgbẹ́ rẹ̀ ní Vietnam ń ná, owó òṣìṣẹ́ ló sì kó ipa tó pọ̀ níbẹ̀.

Ohun tó wá dun ni ni pé ilẹ̀ wọn gan-an ni ìmọ̀ ìrẹsì fi ṣe ibùgbé. Ní Los Baños ni wọ́n dá IRRI, ilé ìwádìí ìrẹsì àgbáyé, sílẹ̀ ní 1960, ibẹ̀ ni irúgbìn IR8 ti jáde ní 1966, èyí tó kúrú lẹ́sẹ̀ tó sì ń so wọ̀ǹtìwọnti, tó ran Íńdíà àti àwọn mìíràn lọ́wọ́. Ní 1973, Ferdinand Marcos àgbà gbé ètò Masagana 99 kalẹ̀, ó fi owó yá àwọn àgbẹ̀, ìrẹsì sì pọ̀ débi pé wọ́n ta díẹ̀ sókè òkun kí ọdún mẹ́wàá náà tó parí. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ àgbẹ̀ kò rí owó san padà, àwọn báńkì ìgbèríko sì wọ gàù. Ní 2023 wọ́n kórè palay tó ju mílíọ̀nù 20 tọ́ọ̀nù lọ, irú rẹ̀ kò ṣẹlẹ̀ rí, síbẹ̀ àwọn ni wọ́n ń ra ìrẹsì jù lọ ní gbogbo àgbáyé. Ní 2024 èyí tí wọ́n rà sún mọ́ mílíọ̀nù márùn-ún tọ́ọ̀nù, Vietnam ló sì ti wá jù.

Ẹ wo bí wọ́n ti ń fi ibodè ṣe jangirọ́fà. Ní 2008, nígbà tí Íńdíà àti Vietnam ní àwọn kò tà mọ́, tí tọ́ọ̀nù ìrẹsì Thailand kan sì ju ẹgbẹ̀rún dọ́là lọ, àwọn ènìyàn tò gbọọrọ láti ra ìrẹsì ẹ̀dínwó ìjọba. Ní 2018, àká NFA, àjọ ìjọba tó ń bójú tó ìrẹsì, gbẹ táútáú, ìlú Zamboanga sì kéde pé nǹkan dojú rú. Ní oṣù Kejì 2019, Ààrẹ Duterte fọwọ́ sí òfin 11203, tó gba àṣẹ kíkó ìrẹsì wọlé kúrò lọ́wọ́ NFA, tó ní ẹnikẹ́ni lè kó o wọlé bó bá ti san owó ibodè ìdá 35 nínú 100 lórí èyí tó bá ti àwọn orílẹ̀-èdè alábàágbé wá. Ọdún yẹn gan-an ni iye palay já wálẹ̀ lọ́wọ́ àgbẹ̀. Nígbà tó di 2023, Íńdíà tún ti ilẹ̀kùn, ìjọba Marcos ọmọ sì pàṣẹ pé wọn kò gbọdọ̀ ta kílò ìrẹsì ju peso (owó wọn) 41 tàbí 45 lọ, bí irú rẹ̀ bá ṣe rí; àṣẹ náà kò lò ju oṣù kan lọ. Ní oṣù Kẹta 2024, owó ìrẹsì ti fi ìdá 24 nínú 100 ga ju ti ọdún tó ṣáájú lọ. Wọ́n gé owó ibodè sí ìdá 15. Ìrẹsì wá rọ́ wọlé, iye palay tún já, àwọn àgbẹ̀ figbe ta, ní ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù Kẹsàn-án 2025 wọ́n sì dá kíkó ìrẹsì wọlé dúró fún ìgbà díẹ̀.

Àwa tí à ń kọ èyí ní ilẹ̀ Yorùbá kò lè fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́. Ọdún 2019 tí Fílípínì ṣí ilẹ̀kùn náà ni Nàìjíríà ti ẹnubodè orí ilẹ̀ pa, ìrẹsì tó ń gba Kùtọnu wọlé sì di ohun tí wọ́n ń gbé gba inú igbó. Àwọn ṣí, àwa tì, síbẹ̀ àgbẹ̀ méjèèjì ń sunkún, ìyá tó ń ra ìrẹsì ní kóńgò ní Mushin àti èyí tó ń rà á ní kílò ní Tondo ní Manila ń ṣírò owó lójú ọ̀nà ọjà. Ọjà àgbáyé kan náà ni gbogbo wa sì ń ná. Nígbà tí Íńdíà kò tà, a jọ fọwọ́ lérán ni.

Kí ni kí wọ́n wá ṣe? Palay tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti oko dé máa ń ní omi tó tó ìdá 20 sí 25 nínú ọgọ́rùn-ún. Kí ó tó ṣeé kó pamọ́, omi náà gbọ́dọ̀ wálẹ̀ sí 14. Láti 2019 ni owó ibodè ti ń gbọ́ bùkátà ètò ìrànwọ́ àgbẹ̀ ìrẹsì kan tí wọ́n ń pè ní RCEF, peso bílíọ̀nù 10 lọ́dún, ìdajì rẹ̀ fún ẹ̀rọ. Òfin tí wọ́n ṣe ní oṣù Kejìlá 2024 sọ ọ́ di bílíọ̀nù 30 lọ́dún títí di 2031. Ètò rere ni. Ṣùgbọ́n ẹ̀rọ ìkórè ló yá dé oko ju ẹ̀rọ tí í mú ọkà gbẹ lọ. Oko tó ń gba ènìyàn púpọ̀ ní ọjọ́ mélòó kan láti gé tẹ́lẹ̀, ẹ̀rọ kan ń parí rẹ̀ láàárín wákàtí díẹ̀, gbogbo àdúgbò wá ń kórè pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, palay tutù ń ya dé bí àgbàrá, ojú títì nìkan ló sì wà láti gbà á. Ẹ̀rọ yẹn gan-an ló tún wá sọ alájàpá di ọba. Èrò wa ni pé kí wọ́n fi èyí tó pọ̀ jù nínú owó ẹ̀rọ ọdún mẹ́ta tó ń bọ̀ ra ẹ̀rọ tí í mú ọkà gbẹ, kí wọ́n kọ́ àká tì í, kí wọ́n sì fi wọ́n sí ọwọ́ ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù tí ìwé ìṣirò rẹ̀ mọ́. Kí NFA sì máa ra palay tutù lójú oko ní ọ̀sẹ̀ ìkórè gan-an, kì í ṣe lẹ́yìn tí alájàpá ti kó o tán, tó jẹ́ pé òun ni yóò wá tà á fún ìjọba.

Omi ló tẹ̀ lé e. Ìtìjú gbáà ni ohun tó tú síta ní 2025, pé iṣẹ́ ìdènà àgbàrá tí wọ́n ti gba owó rẹ̀ tán ní Bulacan àti níbòmíràn kò sí lójú ayé, tàbí kó jẹ́ pé wọ́n fi kọnkéré ẹlẹ́gẹ́ ṣe é. Ọ̀pọ̀ èrò tú sí ìgboro Manila ní ọjọ́ 21 oṣù Kẹsàn-án láti fi ẹ̀hónú hàn. Oko ìrẹsì wà lára ohun tí omi ń bò níbẹ̀. Owó tí wọ́n bá gbà padà lọ́wọ́ àwọn tó jẹ ẹ́, inú odò àti ọ̀nà omi oko ló yẹ kó padà sí.

Ní ti ìrẹsì peso 20 tí Ààrẹ Marcos ṣe ìlérí rẹ̀ nígbà ìpolongo 2022, ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù Karùn-ún 2025 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í tà á ní Cebu, ìdìbò sì jẹ́ ọjọ́ 12 oṣù náà. Ọmọdé mọ ìtumọ̀ èyí. A kò sọ pé kí wọ́n gba oúnjẹ lẹ́nu arúgbó, aláàbọ̀ ara àti ìyá tó ń dá tọ́mọ, àwọn tí ètò náà kọ́kọ́ wà fún; kí ó máa lọ bẹ́ẹ̀ fún wọn. Ṣùgbọ́n kò gbọdọ̀ di ohun tí gbogbo ìlú ń rà, nítorí ìjọba ló ń san ìyókù, owó tó sì ń bá a lọ kò ní í ra ẹ̀rọ kankan.

Àwọn àgbẹ̀ Nueva Ecija, Isabela àti Iloilo yóò tún gé ìrẹsì ìgbà òjò láti nǹkan bí oṣù Kẹsàn-án. Ẹ̀rọ tí kò bá tíì dé ọ̀dọ̀ wọn kí oṣù Kẹjọ tó parí, ọjọ́ á ti lọ lórí rẹ̀ fún ọdún náà, orí títì ni wọn yóò sì tún sá a sí.