Ẹ San Gbèsè Tennessee State University

Ní oṣù kẹta ọdún 2024, àwọn aṣòfin ìpínlẹ̀ Tennessee ní Amẹ́ríkà tú gbogbo ìgbìmọ̀ alákòóso Tennessee State University, yunifásítì àwọn adúláwọ̀ ní Nashville, ká, Gómìnà Bill Lee sì buwọ́ lù ú. Wọ́n ní ètò owó ilé ìwé náà kò gún. Wọ́n yẹ ìwé owó wò fínnífínní, wọ́n rí àléébù nínú ìlànà, wọn kò rí ẹ̀rí pé ẹnikẹ́ni lu jìbìtì. Síbẹ̀, wọ́n lé wọn.

A ti ń sọ ọ́ tipẹ́, a ó tún un sọ: ìjọba Tennessee gan-an ló jẹ gbèsè. Owó wà tí ìjọba àpapọ̀ ń fún àwọn yunifásítì kan, tí ìpínlẹ̀ gbọ́dọ̀ fi tirẹ̀ kún. Láti 1957 dé 2007, University of Tennessee ní Knoxville ń rí tirẹ̀ gbà, ti àwọn adúláwọ̀ ní Nashville ń wòran. Ìgbìmọ̀ àwọn aṣòfin yìí kan náà ló ṣírò rẹ̀ ní 2021, tí wọ́n ní gbèsè náà lè tó mílíọ̀nù 544 dọ́là. Lẹ́tà ìjọba àpapọ̀ ti 2023 tilẹ̀ ní, bí a bá ka ohun tí wọ́n fi dù ú láti 1987 dé 2020, bílíọ̀nù 2.1 ni. Mílíọ̀nù 250 tí wọ́n yọ sílẹ̀ ní 2022, owó gidi ni, a kò ní purọ́. Ẹ wo iye tó kù.

Lọ́dún 2022 yẹn, họ́sítẹ̀lì kò gba akẹ́kọ̀ọ́ mọ́, òtẹ́ẹ̀lì ni wọ́n kó àwọn kan sí. Àwọn aṣòfin fárígá pé kí ló dé tí ilé ìwé gba èrò tó bẹ́ẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ fi owó ilé dù wọ́n, ẹnu wo lẹ fi ń béèrè?

Àwọn kan ní kí la ṣì ń fi yunifásítì adúláwọ̀ ṣe. Láti 1876 ni Meharry, ní Nashville kan náà, ti ń kọ́ àwọn dókítà adúláwọ̀. Lincoln, ní Pennsylvania, ló fún Azikiwe wa àti Nkrumah ti Ghana ní oyè. Nígbà tí ilé ẹjọ́ tó ga jù ní Amẹ́ríkà sì ti ní kí Harvard má ṣe wo àwọ̀ mọ́ bó bá ń gba akẹ́kọ̀ọ́, níbo ni kí àwọn ọmọ adúláwọ̀ gbà?

Kí Gómìnà Lee fi owó náà sínú ìṣúná tó ń bọ̀. Bó bá wúwo, kó pín in sí ọdún mẹ́wàá, bí ìpínlẹ̀ Maryland ṣe pín mílíọ̀nù 577 dọ́là tó gbà láti san fún àwọn yunifásítì adúláwọ̀ tirẹ̀. Ọdún 15 ni wọ́n fi ṣe ẹjọ́ ní Maryland kí wọ́n tó gbà láti san án. A kò fẹ́ irú rẹ̀ ní Nashville.