Ẹ má gbé káàdì àwòrán tó ju wáàtì 75 lọ sínú kọ̀ǹpútà ọ́fíìsì àlòkù

Èrò ọkàn mi lórí kọ̀ǹpútà géèmù olówó pọ́ọ́kú nìyí, mo sì mọ̀ pé kò ní tẹ́ àwọn kan lọ́rùn. Ẹni tó bá ra kọ̀ǹpútà ọ́fíìsì àlòkù, kó wá káàdì àwòrán (graphics card, èyí tó ń gbé àwòrán géèmù sójú mọ́nítọ̀) tí kì í jẹ ju wáàtì 75 lọ sí i, kó sì fi mọ bẹ́ẹ̀. Ẹni tí ọkàn rẹ̀ bá wà lára káàdì tó ju ìyẹn lọ, kó yáa fi kọ̀ǹpútà ọ́fíìsì sílẹ̀ fún àwọn tó fẹ́ tẹ lẹ́tà, kó ṣa ẹ̀yà ara kọ̀ọ̀kan jọ fúnra rẹ̀. Àwọn tó fẹ́ da méjèèjì pọ̀ ni owó wọn ń ṣòfò.

Mi ò bú kọ̀ǹpútà ọ́fíìsì o. Dell OptiPlex 9020 àti HP EliteDesk 800 G1 ṣì lágbára. Bí processor (ọpọlọ kọ̀ǹpútà) i7-4790 bá wà nínú rẹ̀, core (ẹ̀yà tó ń ṣiṣẹ́) 4 àti thread (iṣẹ́ tó lè ṣe lẹ́ẹ̀kan náà) 8 lẹ ní yẹn, ó sì lè sáré dé 4.0 GHz. i5-4590 náà kò burú, àmọ́ thread 4 péré ló ní. Bí géèmù bá ti kún fún èrò, àwòrán á máa ṣe dákú-dájí. Àwọn iléeṣẹ́ ńlá ló máa ń kó wọn jáde lẹ́ẹ̀kan náà nígbà tí wọ́n bá ń pààrọ̀ ẹ̀rọ, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi pọ̀ lọ́jà tí owó wọn ò sì ga. Ibi tí ọ̀rọ̀ ti ń dojú rú ni ọ̀rọ̀ iná.

Power supply (àpótí tó ń pín iná) tó wà nínú OptiPlex 9020, àní èyí tó tóbi jù nínú wọn, wáàtì 290 ni. Kò sí ẹnu wáyà oní-píìnì 6 tàbí 8 kankan tó jáde lára rẹ̀ fún káàdì àwòrán. Ẹ lè ní ẹ máa pààrọ̀ power supply náà. Ó dáa, àmọ́ ẹnu tí motherboard (pátákó tí gbogbo ẹ̀yà ara ń jókòó sí) Dell yẹn fi ń gba iná kì í ṣe oní-píìnì 24 tí gbogbo ayé ń lò, oní-píìnì 8 tiwọn ni. Ti HP yẹn, oní-píìnì 6 ni. Ẹ máa ra wáyà tó ń so 24 pọ̀ mọ́ 8 tàbí mọ́ 6. Lẹ́yìn náà ẹ máa rí i pé ẹnu wáyà fáànù ara kéésì Dell náà yàtọ̀ sí tàwọn tó kù, tí ẹ bá sì yọ fáànù yẹn kúrò, BIOS (ètò tó ń jí kọ̀ǹpútà) á máa ṣàròyé ní gbogbo ìgbà tí ẹ bá tan ẹ̀rọ. Nígbà tí ẹ bá fi máa parí gbogbo èyí, ẹ ti ra power supply, ẹ ti ra wáyà, bóyá ẹ ti ra kéésì pẹ̀lú, gbogbo rẹ̀ nítorí motherboard tí i7-4790 fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ òpin ohun tó lè gbà.

Ọ̀nà ẹ̀bùrú tó wọ́pọ̀ jù ni wáyà kékeré tó ń yí ẹnu SATA (èyí tó ń gbé iná fún hard disk) padà sí oní-píìnì 6. Òun gan-an ni mo fẹ́ kí ẹ sá fún. Ẹ jẹ́ ká ṣírò ó. Nínú píìnì 15 tó wà lẹ́nu SATA, mẹ́ta péré ló ń gbé fóòtì 12, ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn kò sì gbọdọ̀ kọjá amp 1.5. Amp 4.5 ni àpapọ̀ wọn, ẹ fi 12 sọ ọ́ di púpọ̀, wáàtì 54 lẹ máa rí. Bẹ́ẹ̀ sì rèé, káàdì tó bá ní ẹnu oní-píìnì 6 lẹ́tọ̀ọ́ láti fa wáàtì 75 gba ibẹ̀, oní-píìnì 8 lè fa 150. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, ó lè dà bíi pé kò sóhun tó ṣe é: géèmù á ṣí, inú yín á dùn. Tí géèmù líle bá wá ti ń lọ fún bí ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, àwọn píìnì á gbóná, ike tó yí wọn ká á bẹ̀rẹ̀ sí í rọ̀, òórùn ike tó ń jó lẹ sì máa kọ́kọ́ gbọ́. Ẹni tó bá tú u á rí i pé ẹ̀gbẹ́ ibi tí fóòtì 12 ń gbà ti di dúdú, ìyókù ẹnu náà sì funfun bí ọjọ́ tí wọ́n rà á. Èyí tí wọ́n yọ́ ike bò lódindi ló burú jù, torí wáyà inú rẹ̀ lè yẹ̀ lọ kan èkejì láìsí ẹni tó máa rí i.

Nítorí náà, ẹ dúró síbi wáàtì 75. Ihò PCIe tí káàdì jókòó sí lè fún un ní ìwọ̀n iná yẹn láìsí wáyà kankan. Méjì lẹ máa rí jù nínú àwọn àlòkù: GTX 1050 Ti ti ọdún 2016 àti GTX 1650 ti ọdún 2019, RAM (ibi ìrántí) GB 4 ni àwọn méjèèjì ní lára. Ẹ yẹ etí káàdì náà wò kí ẹ tó sanwó, torí àwọn GTX 1650 kan wà tó ní ẹnu oní-píìnì 6. Ká ní èmi ni mo fẹ́ rà, 1650 ni, kì í sì í ṣe torí pé ó yára jù nìkan: NVIDIA, iléeṣẹ́ tó ń ṣe GTX, ti dáwọ́ driver (ètò tó ń jẹ́ kí kọ̀ǹpútà lo káàdì) géèmù tuntun dúró fún GTX 10 ní oṣù kẹwàá ọdún 2025, driver ààbò nìkan ló kù fún un títí di 2028. 1650 ṣì ń gba driver tuntun ní tiẹ̀.

Bí kọ̀ǹpútà náà bá jẹ́ àwọn pẹlẹbẹ, káàdì kúkúrú nìkan ló máa wọ inú rẹ̀, kí ẹ sì rí i dájú pé irin kúkúrú tí wọ́n fi ń dè é mọ́ kéésì wà nínú páálí. Irin yìí làwọn tó ń tà á sábà máa ń sọ nù. Àwọn kan á sọ fún yín pé RX 6400 ti iléeṣẹ́ AMD ló bá a mu jù torí wáàtì 53 péré ló ń jẹ. Òótọ́ ni pé ó máa wọlé, àmọ́ PCIe onílà 4 (ọ̀nà mẹ́rin tí dátà ń gbà) ni wọ́n ṣe é sí, orí PCIe 4.0 ni wọ́n sì ti fojú sùn ún. Lórí motherboard PCIe 3.0, ojú ọ̀nà yẹn di ìdajì, nígbà tí GB 4 rẹ̀ bá sì kún tó fẹ́ máa yá àyè lọ́wọ́ RAM kọ̀ǹpútà, ìdààmú á bẹ̀rẹ̀. Bí kọ̀ǹpútà náà bá jẹ́ àwọn tó dúró, ẹ fi tépù wọn àyè láti ẹ̀yìn kéésì dé ibi tí àgò hard disk bẹ̀rẹ̀. Káàdì onífáànù méjì sábà máa ń gbá a; onífáànù kan ni kí ẹ wá.

Ẹ tún wo mọ́nítọ̀ yín. GTX 10 àti àwọn tó dé lẹ́yìn rẹ̀ kò ní ojú VGA mọ́, ti DVI tó wà lára àwọn kan kì í gbé àmì VGA. Wáyà tí kò ní ẹ̀rọ nínú kò ní ṣiṣẹ́ níbẹ̀, àfi àsopọ̀ tó ń yí àmì padà ní ti gidi. Lẹ́yìn tí ẹ bá sì ti gbé káàdì sí i, ara káàdì ni kí ẹ ki wáyà mọ́nítọ̀ bọ̀, ẹ má kì í bọ ara motherboard. Ó dà bí ọ̀rọ̀ ọmọdé, àmọ́ ìdajì àwọn tó ń pariwo pé káàdì wọn kò lágbára, ibẹ̀ ni wàhálà wọn wà.

RAM: GB 8 méjì, kì í ṣe GB 16 ẹyọ kan, kí processor lè máa fi ọ̀nà méjì kà á. Ẹ má ra RAM sáfà (server), irú èyí tí wọ́n kọ registered sí lára. Owó rẹ̀ kéré torí kò ní tan lórí motherboard ilé. Fún ibi ìpamọ́, SSD SATA tó fẹ̀ tó ínṣì 2.5 ti tó. Kí ẹ tó kúrò lọ́dọ̀ ẹni tó ń tà á, ẹ tan ẹ̀rọ náà, ẹ tẹ F2 lórí Dell tàbí F10 lórí HP, kí ẹ rí i pé BIOS ṣí láìbèèrè ọ̀rọ̀ aṣínà. Ọ̀rọ̀ aṣínà tí àwọn tó ń tọ́jú ẹ̀rọ iléeṣẹ́ fi sí i nígbà ayé rẹ̀ lè ṣì wà níbẹ̀.

Ohun kan wà tí mi ò ní fi pamọ́ nípa kọ̀ǹpútà wọ̀nyí. Yàtọ̀ sí díẹ̀ nínú ìran keje, Microsoft ò fi processor Intel tó ṣáájú ìran kẹjọ sínú àwọn tó lè lo Windows 11, ìran kẹrin sì ni i7-4790. Àtìlẹ́yìn Windows 10 parí ní ọjọ́ 14 oṣù kẹwàá ọdún 2025. Àwọn kan ń wá ọgbọ́n gbé Windows 11 sórí rẹ̀, ó sì ń ṣiṣẹ́, àmọ́ géèmù Valorant lórí Windows 11 ń béèrè TPM 2.0 àti Secure Boot, àwọn ààbò inú kọ̀ǹpútà, Battlefield 6 náà ń béèrè Secure Boot. Ẹ lè ní ẹ máa lo Linux dípò Windows, àmọ́ Valorant àti Fortnite kì í ṣiṣẹ́ níbẹ̀. Ẹni tó jẹ́ pé géèmù wọ̀nyí ló torí rẹ̀ fẹ́ ra kọ̀ǹpútà, ọ̀nà kejì ni kó gbà.

Ọ̀nà kejì yẹn, ìyẹn kí ẹ ṣa ẹ̀yà ara jọ fúnra yín, ni AM4, ihò tí processor Ryzen ti AMD ń jókòó sí. Motherboard B450, Ryzen 5 2600 tàbí 3600, RAM DDR4 GB 8 méjì, àti power supply tuntun oníwáàtì 550. Mo ní tuntun, mi ò sọ àlòkù. Nínú gbogbo ẹ̀yà ara kọ̀ǹpútà, òun nìkan ló jẹ́ pé tó bá fẹ́ kú, ó lè mú àwọn yòókù dání, kò sì sí bí ẹ ṣe lè fi ojú lásán mọ ọdún tó ti lò. Ẹ má sì jẹ́ kí àmì 80 Plus tàn yín, ohun tó ń sọ ni bó ṣe ń ṣọ́ iná ná, kò sọ bóyá ó ní ààbò tó dáa.

Ìdí tí mo fi fẹ́ràn AM4 ni pé ihò kan náà tó gba Ryzen àkọ́kọ́ ọdún 2017 ló gba 5800X3D ọdún 2022. Ẹ lè bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú 2600, kí ẹ pààrọ̀ rẹ̀ nígbà tí owó bá dé. Ẹ sáà rántí pé BIOS ni ẹ máa kọ́kọ́ sọ di tuntun nígbà tí processor àtijọ́ ṣì wà nínú rẹ̀, torí BIOS àtijọ́ kò ní dá processor tuntun mọ̀, ojú mọ́nítọ̀ á sì ṣókùnkùn. Ẹ fo Ryzen 5 1600 dá o, òun náà kò sí lára àwọn tí Windows 11 gbà.

Fún káàdì, RX 580 GB 8 ló wọ́pọ̀ jù, kí ẹ sì la ojú yín. Ọ̀kan wà tí wọ́n kọ 2048SP sí. RX 570 ló jẹ́ nínú, torí RX 580 gidi ní core 2304. Bákan náà, kì í ṣe GB nìkan ni GTX 1060 GB 3 fi kéré sí ti GB 6, core rẹ̀ jẹ́ 1152, ti èkejì jẹ́ 1280. Ẹ ṣí GPU-Z (ètò tó ń fi ohun tó wà nínú káàdì hàn) kí ẹ rí òǹkà yìí fúnra yín. Ó tún máa ń dá àwọn ayédèrú NVIDIA mọ̀, irú káàdì àtijọ́ tí wọ́n yí BIOS rẹ̀ kó lè máa pe ara rẹ̀ ní 1050 Ti. Bí agbára bá gbé e, GTX 1660 Super ni kí ẹ rà. Àmọ́ kò sí èyíkéyìí nínú wọn tó máa ṣí Doom: The Dark Ages, torí géèmù yẹn kò gba káàdì tí kò ní ẹ̀rọ ray tracing (èyí tó ń ṣírò bí ìmọ́lẹ̀ ṣe ń rìn) nínú.

Àwọn èèyàn ń bẹ̀rù káàdì tí wọ́n fi wa owó crypto ju bó ṣe yẹ lọ. Káàdì tó ń ṣiṣẹ́ lórí ooru kan náà látàárọ̀ ṣúlẹ̀ kì í fi bẹ́ẹ̀ bàjẹ́ nínú. Fáànù ló máa ń gbó, paste tó wà láàárín rẹ̀ àti irin atutù á gbẹ, BIOS rẹ̀ sì lè jẹ́ èyí tí wọ́n ti yí padà. Ẹ fi ìka yí fáànù kó lọ díẹ̀: tó bá ń mì tàbí tó ń ha, ẹ fi dín owó kù. Ẹ wá fi Unigine Heaven, ètò tó ń dán káàdì wò, wọ́ ọ fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú. Bí àmì aláwọ̀ bá ń tàn káàkiri ojú mọ́nítọ̀, RAM ara káàdì ló ti ń kú, ẹ dá a padà. Bí gbogbo kọ̀ǹpútà bá kú lójijì tó sì tún tan fúnra rẹ̀, power supply ni kí ẹ kọ́kọ́ fura sí.

Nígbà títò, ibi méjì péré ló léwu. Àkọ́kọ́, ara processor AM4 ni píìnì wà, kì í ṣe ara motherboard. Paste àtijọ́ máa ń lẹ̀ mọ́ ọn pinpin, tí ẹ bá fa irin atutù sókè lójijì, ó lè fa processor tu kúrò nínú ihò rẹ̀ kí píìnì sì tẹ̀. Ẹ jẹ́ kí ẹ̀rọ náà gbóná fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá, ẹ pa á, ẹ yọ iná rẹ̀, ẹ wá yí irin náà sọ́tùn-ún sósì kí ẹ tó gbé e. Èkejì ni wáyà power supply tó ṣeé yọ: wáyà iléeṣẹ́ kan kì í ṣe ti èkejì, kódà bí ẹnu rẹ̀ bá wọlé wẹ́rẹ́. Ètò píìnì inú wọn yàtọ̀, SSD ló sì sábà máa ń kọ́kọ́ jóná.

Ihò kejì àti ìkẹrin látẹ̀gbẹ́ processor ni kí ẹ ki RAM sí, kí ẹ sì tan XMP (ètò tó ń jẹ́ kí RAM sáré dé ìwọ̀n tí wọ́n kọ sí i lára) nínú BIOS, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ RAM 3200 yín á máa rìn ní 2133 tàbí 2400. Lẹ́yìn náà, ẹ jẹ́ kí MemTest86, ètò tó ń dán RAM wò, ṣiṣẹ́ mọ́jú kí ọjọ́ tí ẹ lè dá ọjà padà tó pé. Bí àṣìṣe kan ṣoṣo bá yọ, ẹ yọ RAM kan, ẹ tún un ṣe, kí ẹ lè mọ èyí tẹ́ ẹ máa dá padà nínú méjèèjì.