Ẹwà Eré Ìyọ̀ Orí Yìnyín Ní Òṣùwọ̀n

Ọ̀pọ̀ ènìyàn tó ń wo ìdíje ìyọ̀ orí yìnyín, èyí tí ọkùnrin kan àti obìnrin kan jọ ń ṣe, ló gbà pé fífò àti jíjù nìkan ni ohun tó ṣeé wọ̀n níbẹ̀, pé ohun tó bá ṣáà ti wu adájọ́ ló ń kọ sílẹ̀ fún ẹwà eré. Èrò yìí ní ìdí tó fi gbilẹ̀. Níbi ìdíje Òlíńpíìkì ní Salt Lake City lọ́dún 2002, wọ́n gbé góòlù fún Elena Berezhnaya àti Anton Sikharulidze ti Rọ́ṣíà, ariwo sọ, adájọ́ ọmọ ilẹ̀ Faransé kan sì sọ pé wọ́n fúngun mọ́ òun. Ni wọ́n bá fún Jamie Salé àti David Pelletier ti Kánádà náà ní góòlù tiwọn.

Òótọ́ ni pé adájọ́ lè ṣègbè, ṣùgbọ́n ègbè adájọ́ kò sọ pé ohun tó ń dá lẹ́jọ́ kò sí. Lóde òní, kókó mẹ́ta ni wọ́n ń wò: bí wọ́n ṣe to eré náà pọ̀, bí wọ́n ṣe gbé e kalẹ̀, àti bí ẹsẹ̀ wọn ṣe mọ yìnyín tó. Máàkì 10 ló ga jù fún kókó kọ̀ọ̀kan. Wọ́n á yọ máàkì adájọ́ tó ga jù àti èyí tó kéré jù kúrò, wọ́n á sì mú ìdọ́gba àwọn tó kù.

Kí wá ni ojú ń rí? Ẹ wo ìgbà tí ọkùnrin bá ju obìnrin lọ síwájú, tí obìnrin náà yí lófuurufú, tó sì fi ẹsẹ̀ kan balẹ̀. Ẹ má wo gíga rẹ̀ nìkan. Ẹ wo ohun tó tẹ̀ lé e. Bí orúnkún rẹ̀ bá tẹ̀ dáadáa, irin abẹ́ bàtà rẹ̀ á máa yọ̀ sẹ́yìn lọ gbọọrọ, ọkùnrin náà á sì ti máa bọ̀ wá pàdé rẹ̀ kó tó nawọ́. Bí kò bá tẹ̀, á dúró gbagidi, á fi irin ha yìnyín, ọkùnrin á sì dúró máa wò ó. Nígbà tí wọ́n bá sì ń pòòyì lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, ẹnikẹ́ni tó bá lajú á mọ̀ bóyá ẹsẹ̀ méjèèjì jọ ń kọjá níwájú òun ni, tàbí ọ̀kan ti ṣáájú èkejì.

Ohun tó mú kí n tako èrò yìí gan-an ni pé kò ṣeé ṣe láti ya ẹwà kúrò lára iṣẹ́ líle. Láti sáà tó bẹ̀rẹ̀ lọ́dún 2018, wọ́n lè fi ìpele 5 kún iye tó wà lórí ọgbọ́n kọ̀ọ̀kan, bíi fífò tàbí jíjù, tàbí kí wọ́n fi ìpele 5 dín in, bí wọ́n bá ṣe ṣe é sí.

Níbi ìdíje Òlíńpíìkì ní PyeongChang lọ́dún 2018, ipò kẹrin ni Aljona Savchenko àti Bruno Massot ti Jámánì wà lẹ́yìn eré kúkúrú, èyí tí wọ́n kọ́kọ́ ń ṣe kí eré gígùn tó tẹ̀ lé e. Sui Wenjing àti Han Cong ti Ṣáínà ní ọgbọ́n kan tó le gan-an nínú eré gígùn: Han ju Sui sókè, Sui sì yí lẹ́ẹ̀mẹ́rin kí Han tó gbà á mú. Ẹ̀ẹ̀mẹ́ta ni Savchenko yí, ṣùgbọ́n ó ga fíofío, Massot sì ti gbà á níbàdí kó tó sọ̀ kalẹ̀, láìjẹ́ pé ara wọn kọlu ara wọn. Máàkì 159.31 ni wọ́n gbà nínú eré náà, èyí tí kò sí tọkọtaya eré kankan tó gba irú rẹ̀ rí títí di ọjọ́ yẹn, nǹkan bí ìdajì rẹ̀ sì jẹ́ ti ẹwà. Àpapọ̀ tiwọn jẹ́ 235.90, ti àwọn ará Ṣáínà jẹ́ 235.47.